Ohun Tó Sọ Ojú Ìmàdò Di Oníkókó

Nígbà láéláé, ìmàdò inú igbó àti ẹlẹ́dẹ̀ inú ilé jọ ara wọn bí ọmọ ìyá kan náà. Ojú ìmàdò ń dán nígbà náà bí igbá tuntun tí wọ́n fi epo pa. Ìrù rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Eyín rẹ̀ kéré, ẹnu ló ń bò ó.

Inú igbó ló ń sùn, ṣùgbọ́n inú abúlé ló ti ń jẹun. Ta ni yóò lé e? Ẹlẹ́dẹ̀ ń rìn káàkiri ojúlé gbogbo, ẹni tó bá sì rí ìmàdò, á ní ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò ni.

Ní abúlé kan lẹ́yìn odò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Opó ni, ọmọ-ọmọ mẹ́ta àti ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ló sì ń bọ́. Ohun kan ṣoṣo tó gbójú lé fún oúnjẹ ni èbù iṣu tó kó jọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Bí òjò bá ti rọ̀, yóò gbìn ín. Bí èbù yẹn bá tán, kò sí iṣu lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbọ́ wàmùwàmù lẹ́yìn ilé. Ó jáde, ó bá ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti orí bọ èbù.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ta nìyí o?" Ó na igi sókè.

Ìmàdò gbójú sókè, kò tilẹ̀ mira. "Ẹ kú ilé, ìyá. Ẹlẹ́dẹ̀ Baálẹ̀ ni mí."

Àwẹ̀ró sọ igi kalẹ̀. Ta ni yóò lu ẹlẹ́dẹ̀ Baálẹ̀? Ó lọ sílé Baálẹ̀ láti lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àṣé ẹlẹ́dẹ̀ wọn ń sùn lábẹ́ àká, oorun ti gbé e lọ ráúráú.

Lọ́jọ́ kejì, ìmàdò tún dé. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ alágbẹ̀dẹ ni òun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ò rántí ẹni tó ni òun mọ́, pé ebi ń pa òun ni.

Àwẹ̀ró wá mọ̀ pé ìmàdò ni. Ó di gèlè mọ́dìí, ó kọrí sọ́dọ̀ Ọdẹ́gbàmí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ.

"Ọkọ mi, ìmàdò ń jẹ mí ní èbù."

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ tán," Ọdẹ́gbàmí dáhùn, ó ń fẹ àyà. "Kí o kàn máa pọn ọbẹ̀ ata sílẹ̀. Ẹran ń bọ̀."

"A kì í pọn ọbẹ̀; ọ̀bẹ là ń pọn, ọbẹ̀ là ń sè. Lọ ta á ná, kí n tó dáná."

Ọdẹ́gbàmí gbé ọrun àti ọfà, ó lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà odò. Kò pẹ́, nǹkan dúdú kan yọ nínú koríko. Ó fa ọrun, ó ta á. Ẹranko ṣubú.

Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó kàwọ́ lérí. Ẹlẹ́dẹ̀ Baálẹ̀ ni! Ó wá mu omi lódò ni.

Ariwo sọ. Ìyàwó Baálẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n jó nílé. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde láìdé fìlà.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹni tó bá tún ta ọfà sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó fi abúlé yìí sílẹ̀. Ẹ ò lè dá ìmàdò mọ̀, ẹ wá ń pa ẹlẹ́dẹ̀ inú ilé!"

Ìmàdò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú koríko. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, àárín ọ̀nà gan-an ló gbà wọlé, ó ń kí gbogbo ènìyàn. Nígbà tó fi máa lọ, èbù Àwẹ̀ró kò ju ẹkún agbọ̀n méjì lọ mọ́.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ẹkún kì í hù bí iṣu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń se oúnjẹ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: èèpo iṣu àti èèrí ògì nínú ìkòkò ńlá. Ó dà á sínú ọpọ́n. Oru ń tú jáde lára rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta wá, wọ́n jókòó yí ọpọ́n ká, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, kò sí èyí tó fẹnu kàn án. Ìgbà tí Àwẹ̀ró ti ìka bọ̀ ọ́, tó ní "Ó yá o," ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Àwẹ̀ró dúró, ó wò wọ́n dáadáa. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín.

"Họ́wù! Ìmàdò kò mọ iná! Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Ta ló ń se oúnjẹ fún un nínú igbó?"

Ó ránṣẹ́ pe Baálẹ̀ àti Ọdẹ́gbàmí pé kí wọ́n wá ní ọ̀sán ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ àárọ̀, nítorí ìmàdò kì í tètè jí, ọ̀sán ló máa ń dé. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ráhùn títí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó da èèrí tó ń hó sínú ọpọ́n, ó gbé e síwájú èbù. Baálẹ̀ àti Ọdẹ́gbàmí ti dé, wọ́n sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sáré dé, wọ́n jókòó. Ìmàdò náà dé, imú rẹ̀ ti gba òórùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ẹlẹ́dẹ̀ kan sọ fún un, "ẹ ní sùúrù kó tutù."

"Kí ni ń jẹ́ kó tutù?" Ìmàdò ṣe yẹ̀yẹ́ wọn. "Ọ̀lẹ ilé! Ẹ wà ńbẹ̀, ẹ máa wo oúnjẹ bí àlejò."

Ó ti gbogbo ojú bọ ọpọ́n, ó dé etí.

"Yéè! Yéè! Ó bù mí jẹ! Oúnjẹ bù mí jẹ!"

Èèrí gbóná lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wú, ó di kókó kókó. Ìrora mú un, ó deyín mọ́ etí ọpọ́n. Nígbà tó fi máa já ara rẹ̀ gbà, eyín ti yọ síta, ó ti tẹ̀ kọdọrọ. Ìrù rẹ̀ ta sókè gan-an bí ọ̀pá.

"Baálẹ̀," Àwẹ̀ró ní, "ṣé ẹlẹ́dẹ̀ tiyín nìyí?"

"Tèmi kẹ̀? Olúwa má jẹ̀ẹ́!" Baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́gbàmí, kí lo ń wò?"

Ọdẹ́gbàmí gbá tẹ̀lé e. Ìmàdò kó sínú koríko gíga, ṣùgbọ́n ìrù ń lọ lókè koríko fìrìfìrì, gbogbo abúlé ń nawọ́ sí i. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!" Ọfà kan fò gba abẹ́ ìrù kọjá. Ìmàdò bẹ́ sódò, ó dé òdìkejì, ó kúnlẹ̀, ó ti ojú bọ ẹrẹ̀ kó lè tù ú lára. Kò padà wá mọ́.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Àwẹ̀ró gbin ẹkún agbọ̀n méjì èbù rẹ̀, ó sì wa iṣu lọ́dún náà.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ìmàdò ti di oníkókó, tí eyín rẹ̀ yọ síta, tí ìrù rẹ̀ sì ń nà sókè bó bá ń sáré. Láti ọjọ́ náà náà ló ti ń kúnlẹ̀ jẹun: bó tilẹ̀ jẹ́ koríko tútù ló fẹ́ jẹ, yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, yóò wò ó bóyá oru ń jáde lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ìrù ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó ta. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ, ó ní ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀.