Jẹ́nsinmi àti Omi Abẹ́ Màrìwò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá mọ orin kó gbè é, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó pàtẹ́wọ́. Ààlọ́ mi rọra gba ọ̀nà oko lọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó sáré yọ ọ́. Ó wá dá lórí Àwẹ̀ró, opó ọdẹ, àti ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Jẹ́nsinmi.

Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọkọ Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn aládùúgbò tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Bó bá ti pe ajá rẹ̀ láàárọ̀, olúkúlùkù á mọ ẹni tó ń bá wí. Nígbà tó yá, ọdẹ kú. Kò fi ọmọ sílẹ̀. Ajá yìí àti fèrè kan ṣoṣo ló kù. Bí Jẹ́nsinmi bá lọ pẹ́nrẹ́n, ilé Àwẹ̀ró á dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ rìn lọ ṣẹ́gi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ bo gbogbo ayé bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn. Igi dà bí èèyàn, èèyàn dà bí òjìji. Òùngbẹ sì ń gbẹ ajá.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ ilé àwọn aláró. Omi aró ti ṣàn jọ síbẹ̀, ó rí bí ojú ọ̀run tó wá sùn sílẹ̀. Ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin:

Jẹ́nsinmi o, yà wá mu,
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*
Ọ̀fun rẹ gbẹ, èmi tutù,
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*
Oko jìn o, ilé jìn,
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*

Jẹ́nsinmi na ọrùn. Àwẹ̀ró fọn fèrè, fíìì! Ajá padà. Àwẹ̀ró ní omi tó ń bó àwọn aláró lọ́wọ́, kí ni yóò fi ìfun ajá ṣe?

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n dé adágún odò kan. Ewé tín-ín-tín bò ó lójú bí àrán. Ọ̀pọ̀lọ́ kan kò ké níbẹ̀. Omi náà kọrin, ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ọmọ tí oorun ń kùn. Ẹ gbè é! Ìwọ tí àgbàdo kún ẹnu rẹ, mo rí ọ o.

Jẹ́nsinmi o, yà wá mu,
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*

Jẹ́nsinmi ti ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró fọn fèrè, fíìì! Ajá padà, ó ń ráhùn pé omi tó tutù lójú bí ẹ̀fọ́, kí ló ṣe é? Àwẹ̀ró ní omi tí ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀, ajá kì í mu ún.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n dé ibi tí Ìyá Òjélabí àti àwọn obìnrin abúlé ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe láfún. Omi ẹ̀gẹ́ funfun bí ẹ̀kọ mímu, májèlé sì ni. Àwọn obìnrin ti so màrìwò mọ́ igi méjì lókè rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan án. Àwẹ̀ró rí màrìwò lókèèrè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ta ni yóò rí màrìwò tí yóò kọjá? Ó ki fèrè bọ ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń di igi.

Omi kọrin jẹ́jẹ́:

Jẹ́nsinmi o, yà wá mu,
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*

Jẹ́nsinmi gba abẹ́ màrìwò kọjá, ó ń jùrù. Pálá, pálá, pálá! Kí Àwẹ̀ró tó fa fèrè yọ, ajá ti mu ún. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, ó ṣubú, gbì.

Ìyá Òjélabí sáré dé. Ó wo ajá, ó mi orí, ó ní, “Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

Àwẹ̀ró ní, “Ìyá Òjélabí, fèrè kọ́ ni kò gbọ́. Òùngbẹ ló ké ju fèrè lọ.”

Ojú ti ìyá àgbà. Ó bu omi mímọ́ láti inú ìkòkò rẹ̀, ó fi fọ ẹnu ajá. Àwẹ̀ró tú ọ̀já, ó pọn Jẹ́nsinmi sẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ mìíràn wọn ìbá rẹ́rìn-ín títí, opó pọn ajá! Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbe orin:

Jẹ́nsinmi o, má mà lọ,
*Wálé wẹ́rẹ́, wálé.*
Ilé ò ní ẹlòmíì mọ́,
*Wálé wẹ́rẹ́, wálé.*

Ajá bì lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ṣì tutù. Ó bì lẹ́ẹ̀kejì, ó mí kanlẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ẹ̀yìn Àwẹ̀ró rin gbindin, inú Àwẹ̀ró sì dùn bí ẹni tí wọ́n da òróró sí lára. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ajá la ojú.

Àwẹ̀ró bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé o kò rí màrìwò ni?”

Jẹ́nsinmi ní, “Ìyá mi, ewé ni mo rí.”

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń so màrìwò, kò sẹ́ni tó ronú kan ẹni tí kò mọ ohun tó ń wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Òjélabí ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́, jìnnà sí ọ̀nà, wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún sé e yíká. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ wá akèrègbè kan. Kí wọ́n tó kúrò nílé, Jẹ́nsinmi á mu omi yó; kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aláró, á tún mu; kí wọ́n tó dé adágún, á tún mu. Omi aró kọrin, adágún kọrin, ohùn wọn há. Ajá tó yó kò ya ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé àmì tí a ṣe fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n là. Ẹni tó bá mú ajá rìn, kó gbé omi rẹ̀ dání, kó sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí ajá ilé yìí má jùrù sí mi lọ́la.

Ẹ sì wò ó dáadáa. Títí dòní, bí ajá bá dé etí omi, á gbóòórùn rẹ̀, á wá gbójú sókè wò ọ́. Kò mọ màrìwò kà. Ojú rẹ ló ń kà.