Òkété Ń Dúró de Ẹlẹ́rìí

Ẹ fetí sí àlọ́ mi o. Kò rìn jìnnà, ilé Òkété ló yà sí, ó sì bá ebi níbẹ̀. Àká Òkété ti ṣófo. Àgbàdo rẹ̀ lóko ṣẹ̀ṣẹ̀ yọmọ ni, ó ku ogúnjọ́ kó tó ṣeé jẹ.

Òfin kan wà nílùú àwọn ẹranko nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá mú, tí wọn kò tí ì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe olè, àlejò ìlú ni. Ìlú ló gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ, wọn kò sì gbọdọ̀ tì í mọ́lé kọjá ọjọ́ mẹ́sàn-án láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ẹranko yòókù gbọ́ "ọjọ́ mẹ́sàn-án". Òkété gbọ́ "bọ́ ọ".

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀yà figbe ta pé ẹ̀pà tí òun sá sórí àpáta ti di àwátì. Òkété kò fọwọ́ kan ẹ̀pà kankan. Ṣùgbọ́n ó ṣa èèpo ẹ̀pà lórí ààtàn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irunmú, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé Ẹfọ̀n, olùṣọ́ àtìmọ́lé.

"Òkété, kí ló wà lẹ́nu rẹ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, ẹ má bi mí."

Ẹfọ̀n gbá a lọ́rùn mú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Òkété ti jẹ iṣu sísun méjì àti àkàrà mẹ́fà ní àtìmọ́lé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú un wá síwájú Ẹkùn, adájọ́. Ọ̀yà dìde. "Baba, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn..."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Òkété ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí ẹ pẹ́, Baba. Ẹlẹ́rìí mi kò tí ì dé. Bí ẹ bá gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ìgbín ni, Baba. Ẹ̀yìn òkè ló ń gbé."

Ẹkùn wo òkè náà lókèèrè. Ó ní kò ní di pé wọ́n sọ pé òun rẹ́ ẹni kékeré jẹ. Ó rán ẹyẹ lọ pe Ìgbín, ó sì sún ẹjọ́ síwájú. Òkété padà sídìí iṣu.

Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni Ọ̀yà dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ni Òkété tún dọ̀bálẹ̀. Ẹfọ̀n tó lè fi ìwo hú ìrókò wá di agbáwo ọbẹ̀. "Iyọ̀ ò kàn án o, Ẹ̀gbọ́n," ni Òkété máa ń wí. "Ẹ rántí pé àlejò ni mí." Ikùn rẹ̀ yọ débi pé ó ní láti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó. Ó ń kọrin pé:

*Ìgbín ń bọ̀, ẹ má kán an lójú,*
*Ẹsẹ̀ kan ló ní, ẹ jẹ́ kó fi rọra wá.*

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, Ẹfọ̀n gbé àgbàdo sísè wá. "Àgbàdo ti dé. Àwọn ọ̀bọ ní tìrẹ ló dùn jù."

Òkété gbàgbé láti jẹun. "Ọ̀bọ wo?"

"Gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ oko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Òkété ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ Ẹkùn kíá. "Baba, ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi tàbí kí ẹ tú mi sílẹ̀."

"Òótọ́ ni òfin," ni Ẹkùn wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ tọrọ kò sí nínú èyí tí à ń kà sí ìlú lọ́rùn. Mẹ́ta péré ni ìlú lò."

"N kò fẹ́ ẹlẹ́rìí mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo dọ̀bálẹ̀ pé láìsí Ìgbín, o gbé. Ṣé kí n wá jẹ́ kí o gbé ni?"

"Níbo ló dé, Baba?"

Ẹfọ̀n ló dáhùn. "Ó dé etí odò lánàá. Lónìí, ó ń wo omi."

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Òkété tún lò, oúnjẹ ń dé, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ tí mẹ́ta tí ìlú ti lò àti mẹ́fà yìí pé mẹ́sàn-án, Ìgbín wọlé.

"Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀pà Ọ̀yà?" Ẹkùn bi í.

"Ẹ̀pà wo, Baba?"

Ọ̀yà wá ráyè sọ̀rọ̀. "Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àgbàrá ló gbé ẹ̀pà mi. Mo rí i lọ́jọ́ kejì. A ti jẹ ẹ́ tán."

"Òkété kò jẹ̀bi," ni Ẹkùn wí. "Máa lọ sílé."

Òkété kò dúró dúpẹ́. Ó wọ́ ikùn dé oko, ó bá pòròpórò lórí ìdúró, kò sí ọmọ kan lára wọn. Ọ̀bọ kan tó ń nu ẹnu kí i pé, "Kú àbọ̀ o, aláìmọwọ́mẹsẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo fi Òkété sílẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹjọ́ bá kàn lọ́la, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, kò sí adájọ́ tó lè bá a gbà á padà.