Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Òórùn Èèrà Para

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó gun igi lọ. Ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé lókè igi. Ẹ sún mọ́ra yín, ẹ̀rù àlọ́ yìí ń ba èmi gan-an.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn mú. Igi àgbálùmọ̀ méjì péré ló so nínú igbó, ọ̀kan níhìn-ín odò, ọ̀kan lódìkejì. Èèrà ló ni méjèèjì. Ẹran tó bá fẹsẹ̀ kan igi náà, wọn á bò ó, wọn á tọ̀ sí i lójú, wọn á sì pa á.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí kùkùté, ó ń wò wọ́n. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fa ewé pọ̀, tí wọ́n ń fi òwú tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wọn rán an. Ó rí i pé bí méjì bá pàdé, wọn á kọ́kọ́ gbóòórùn ara wọn. Ará ilé á kọjá, àjèjì á kú. Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó he ìtẹ́ èèrà kan tí atẹ́gùn já bọ́ níhìn-ín odò, ó fi ewé rẹ̀ pa ara láti imú dé ìrù. Ó ní kí Àwẹ̀ró, ìyàwó òun, náà pa á. Wọ́n gun igi tó wà níhìn-ín odò. Àwọn èèrà gbóòórùn wọn, wọ́n sì yà fún wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́lé sókè nìyẹn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀.

Ojúkòkòrò, baba ọ̀kánjúwà, kò jẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ sinmi. Àgbálùmọ̀ òdìkejì tóbi ju tiwọn lọ. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ títí pé èyí tí àwọn ní tó.

Ó dá a lóhùn pé, "Èèrà kan náà ni gbogbo wọn. Mo ti mọ̀ wọ́n tán."

Ó gba orí ìtì igi tó dábùú odò kọjá. Bó ṣe gun igi kejì, èèrà kan gbóòórùn rẹ̀, ó dúró. Ó ń fi ìdí lu ewé láti pe àwọn yòókù, gbogbo igi sì ń dún wùrùwùrù. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ọ̀tá ni ìdílé èèrà méjèèjì, òórùn ọ̀tá ló sì fi para wá. Wọ́n bò ó. Wọ́n wọ̀ ọ́ létí, wọ́n wọ̀ ọ́ nímú, wọ́n tọ̀ sí i lára títí ojú rẹ̀ fi ń ta bí ata. Ó já bọ́, ó sá lọ sílé.

Ó ku díẹ̀ kó gun igi tirẹ̀ nígbà tí àwọn èèrà ibẹ̀ gbé ìdí sókè sí i. Ìtọ̀ ọ̀tá wọn ló ń rùn lára rẹ̀. Àwẹ̀ró yọjú látòkè, ó ké sí i.

"Baálé mi, ẹ má gùn ún. Òórùn yín ti yí padà. Bí ẹ bá fara kàn wá, wọn á pa àwa náà."

"Àwẹ̀ró, kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi."

"Kí wọ́n wá jẹ kí ni nílẹ̀?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sídìí igi, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lókè, kò sì lè fọwọ́ kan èèpo.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ síwájú yín: ẹni tó mọ ilé kan, kó má pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ gbogbo ìlú. Bí mo bá purọ́, kí èèrà tọ̀ sí mi lójú.