Omi Àná Nínú Ẹ̀rọ Ìyá

"Àdúrà ni mò ń gbà fún un, Mà. Kì í ṣe èpè."

"Mo gbọ́. Kí ló wá dé tó fi ní kí o má pe òun mọ́?"

"Ó ní àdúrà mi ń dun òun."

"Gba irú rẹ̀ kí n gbọ́."

"Níbí, Mà?"

"Ṣé Ọlọ́run ò sí ní pálọ̀ mi ni?"

"Ó dáa. Mosúnmọ́lá, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà."

"Àmín."

"Á fún ọ lọ́mọ tí kò ní já ọ kulẹ̀ bí ìwọ ṣe já èmi kulẹ̀."

"Háà! Èyí àkọ́kọ́ ni mo ṣe àmín sí o. Gbé ìkejì padà sápò."

Àdìgún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀, kò jáde. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n níwájú obìnrin yìí ọmọdé ni. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pè é ní Màmá Nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Àdìgún bí. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọmọ náà pa ẹ̀kọ́ apòògùn tì ní yunifásítì, ó lọ kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Ọ̀yọ́. Ó ti lọ́kọ níbẹ̀, oṣù tó wọlé yìí sì ni oṣù ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Àràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti gbàdúrà fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọmọ ti sọ pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun Àdìgún. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ yóò bímọ, ẹnu ará ìta ni òun yóò sì ti gbọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní kó gbọ́ o.

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gidigidi. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọ̀fun ìyá a gbẹ, ètè rẹ̀ a là, imú rẹ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin náà lọ ra ẹ̀rọ kan, irú èyí tí à ń bu omi sí nínú, tó sì ń tú omi náà jáde bí ìkùukùu àárọ̀, kí yàrá má baà gbẹ jù. Ó gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìyá sùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jí, ó ní, "Ọmọ mi, ó dà bí ìgbà tí ìrì sẹ̀ sí mi lára."

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin náà rò ó pé bí omi lásán bá ṣe èyí, kí ni omi àdúrà ò ní ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí pọn omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bù ú sínú ẹ̀rọ láàárọ̀ àti lálẹ́. O sì mọ òfin ilé wọn: omi àdúrà, a kì í dà á nù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, kò dà á. Tuntun ló ń bù lé e lórí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé kí a máa da omi àná nù lójoojúmọ́, kí a fọ inú rẹ̀, kí a jẹ́ kó gbẹ. Ó ka ìwé náà. Ó ní ti omi lásán nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ nìkan ló ń nù, aṣọ funfun ló sì fi ń nù ún.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ọkùnrin náà bu omi kún un. Ikọ́ le sí i. Ó tún bu omi kún un. Ó ní ọ̀tá ló ń jà. Bí ọmọ bá ti jáde, ìyá a rọra dìde, a yí ẹnu ẹ̀rọ kọ ògiri. Bó bá gbọ́ ìró alùpùpù ọmọ lójúde, a yí i padà sí ara rẹ̀, a dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, táyà alùpùpù jò. Ẹsẹ̀ ni ọmọ fi rìn wálé, ìyá ò sì gbọ́ ìró kankan. Ọmọ wọlé, ó bá ẹnu ẹ̀rọ lára ògiri.

"Ìyá mi, ta ló yí i?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ó ń rùn, ọmọ mi. Ìfẹ́ lo fi gbé e wá, n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́."

Ó ṣí ẹ̀rọ náà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìdí ẹ̀rọ náà ń yọ̀ bí ìsàlẹ̀ àmù tí ẹnikẹ́ni ò rántí fọ̀. Ó gbé e, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì ìjọ wọn, ó bi í: ṣé òun lè dà á nù? Wòlíì wo inú ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Nítorí ìyá rẹ la ṣe gbàdúrà sí omi. A ò bí ìyá rẹ nítorí omi. Lọ dà á sídìí igi."

Ó dà á sídìí igi. Ó gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó po fínígà mọ́ omi, ó bù ú sínú ẹ̀rọ kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè rọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dojú rẹ̀ dé kó gbẹ. Láti ọjọ́ náà, kò bu omi òní láìkọ́kọ́ da ti àná nù. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ikọ́ ti lọ. Ọmọ wà nílé o, ọmọ ò sí nílé o, ìyá kì í yí ẹ̀rọ mọ́.

Ibẹ̀ ni Màmá Nọ́ọ̀sì parí ìtàn náà sí. Àdìgún ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àdìgún."

"Mà."

"Ìfẹ́ lo fi ń pe ọmọ rẹ láràárọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, èmi ni màá bá a jà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ìbínú ti wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ lò ń bu àdúrà lé. Ohun tó ń dé etí ọmọ náà yàtọ̀ sí ohun tí o rò pé ò ń sọ."

"Ṣé kí n wá gbàgbé ni, Mà? Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi máa di apòògùn!"

"Ta ní kí o gbàgbé? Mo ní kí o dà á nù. Ohun tí a bá gbàgbé, ìsàlẹ̀ ló ń wà."

"Ó lè kọ̀ mí, Mà."

"Ìyá yẹn, kọ̀rọ̀ ló ti ń yí ẹ̀rọ kọ ògiri. Ọmọ tìrẹ sọ fún ọ létí ara rẹ. Ẹni tó ṣì ń fi ibi tó ń dùn ún hàn ọ́, kò tíì kọ̀ ọ́. Dìde. Má pè é, nítorí ó ní kí o má pe òun. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí o tó lanu."

Àdìgún dìde. Ó dé fìlà, ó ṣí i, ó tún un dé. Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yíjú padà.

"Màmá, gbogbo ọdún tó ti fi ń ṣe búrẹ́dì yìí, n kò tíì tọ́ ọ wò rí. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó fún mi jẹ."