Ọwọ́ Òsì Kì Í Ta Ayò
Olóyè Fátúnlà, ọ̀ta ayò tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, ti lé nọ́ọ̀sì mẹ́ta jáde nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ó jágbe mọ́ Ṣíjúadé, nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n rán sí i: "Gba ẹ̀jẹ̀ tí o fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n bí ojú mi bá kan abẹ́rẹ́, o ó fi ìlú yìí sílẹ̀!" Ṣíjúadé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká ta ayò kan ná." Olóyè rẹ́rìn-ín, ó fa ọpọ́n yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣíjúadé ò tilẹ̀ wá bí yóò ṣe jẹ. Ilé kan ṣoṣo ló ń kó ọmọ ayò jọ sí títí ó fi di òkìtì. A kì í sì fọwọ́ kan ayò ẹni tí a ń bá ta. Ojú la fi ń kà á. Olóyè tẹjú mọ́ òkìtì, ó ń kà. "Bàbá, ọwọ́ òsì kì í ta ayò. Ẹ gbé e sórí ìrọ̀rí yìí kó sinmi." Olóyè gbé e lé e láìwòkè. Ṣíjúadé so rọ́bà mọ́ apá náà, ó sì gún un. "Kí ló bù mí jẹ yẹn?" "Ẹ má jẹ́ kí kíkà yín dàrú, Bàbá." "Dákẹ́ ná! Méjìdínlógún! Mo ti mọ ibi tí yóò parí sí!" Olóyè ta, ó jẹ, ó pariwo ayọ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, ìgò ẹ̀jẹ̀ ló rí lọ́wọ́ Ṣíjúadé, àti òwú lápá ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí ò ní kúrò nílùú yìí mọ́. Bí mo bá gbádùn tán, a ó tún ta òmíràn. Ṣùgbọ́n inú àpò lọwọ́ òsì mi yóò wà."