Ìkòkò Abẹ́ Aṣọ Tútù

"Ìkòkò tí kò wọ iná, òjò ló ni ín." Bí àwa ṣe ń pa á nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á ní ìgbà wo ni òjò ra ìkòkò, ta ló tà á fún un, inú ilé wo ló sì gbé e sí? Òjò ò ní àdògán, kò se ọbẹ̀ rí láyé. Ìbéèrè gidi ni. Kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ yáa wúkọ́ tán, kí ẹni tó fẹ́ bu omi mu lọ bù ú wá, nítorí ọ̀rọ̀ omi gan-an la fẹ́ sọ.

Ìlú àwọn amọ̀kòkò kan wà lẹ́bàá odò láyé àtijọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, a sì máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ ìlú náà, iṣẹ́ ebu ló ń bá nílé ọkọ. Ebu là ń pe ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ìyá ọkọ ló sì ń kọ́ ìyàwó.

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró ṣe dé ibẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kò fọwọ́ kan amọ̀ rí, àfi èyí tó fi ṣeré nígbà tó wà ní kékeré. Ọdẹ́wálé ọdẹ ló fẹ́ ẹ. Ìyá Ọdẹ́wálé, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé ìdí ìkòkò ògbólógbòó kan síwájú rẹ̀, ó ní kó máa fẹ̀yìn rìn yí i ká, kó máa fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè. Àwẹ̀ró fẹ̀yìn rìn, ó fa amọ̀ sókè, amọ̀ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìyá Àgbà wò ó dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọdẹ́wálé, ẹran tí o pa lọ́tẹ̀ yìí, o ò tíì mọ bó ṣe tó."

Ohun kan ló ba nǹkan jẹ́. Ní ìlú náà, àjọsun ni wọ́n ń sun ìkòkò. Gbogbo obìnrin á kó tiwọn wá sójú kan, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á kó koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Bí ti ẹnìkan bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ a máa ta ba ti aládùúgbò rẹ̀. Àwẹ̀ró kánjú gbé ìkòkò àkọ́mọ rẹ̀ wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì tutù. Nígbà tí iná kan omi inú rẹ̀, ó dún bí ìbọn, ó sì fọ́ àmù Ṣẹ́gilọlá sí méjì.

Ṣẹ́gilọlá yìí ni aya ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́wálé, ìyálé ni sí Àwẹ̀ró. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó di àfọ́kù mú lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó. A ní kí Ọdẹ́wálé lọ fẹ́ ìyàwó wá, àrá ló lọ fẹ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Àwẹ̀ró ní Àrá-inú-iná. Bó bá ń lọ sódò, "Àrá, ṣé o ò ní sán lónìí?" Bó bá ń bọ̀, "Ẹ yà fún Àrá." Eré ni wọ́n fi ń ṣe o. Ṣùgbọ́n eré ẹnìkan a máa di egbò ẹlòmíràn.

Ìbẹ̀rù wọ Àwẹ̀ró lára. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìkòkò tó ń mọ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ètè rẹ̀ á dúró ṣanṣan, ikùn rẹ̀ á yọ bí ti aboyún oṣù méje. Ṣùgbọ́n bí ìsun bá ti ku ọ̀la, yóò jókòó síwájú wọn, yóò máa wá àléébù kiri. Ètè èyí wọ́. Ìdí tọ̀hún nípọn jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti da omi lé e, á ti pò ó padà di amọ̀. Ẹ ẹ̀ rí i, amọ̀ tí iná kò tíì mú kì í ṣòro fún omi.

Ọdẹ́wálé bi í léèrè lọ́jọ́ kan, "Ìkòkò àná ńkọ́?"

"Ó wọ́."

"Mo wò ó, kò wọ́."

"Ojú ọdẹ lẹ fi wò ó."

"Ojú tó ń rí ọ̀yà nínú igbó ni kò ní rí ìkòkò tó wọ́?" Ọdẹ́wálé mi orí, ó mú ìbọn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró dúró lórí òkè odò, ó ń wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú omi lórí. Òógùn bo ojú wọn. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan fi ọwọ́ kan di aṣọ ìdí rẹ̀ mú kó má tú. Èrò kan wá sí i lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé àmù tí omi bá wà nínú rẹ̀ a máa làágùn. Bí òun bá mọ àwọn obìnrin apọnmi yí ikùn àmù ká, kí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ṣé wọn ò ní máa làágùn bí ẹni tó ti odò bọ̀ ní tòótọ́? Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Okùn lílọ́ àti ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sára ìkòkò níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà nìkan ló sọ ọ́ fún. Kùrukùru ti ń bo ojú ìyá náà nígbà yẹn, bó bá fẹ́ mọ ẹni tó wọlé, ohùn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, tètè ṣe é. Ojú mi ń ti ìlẹ̀kùn. Mo fẹ́ rí àwọn obìnrin yẹn kó tó tì í tán."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mọ àmù náà, àwọn obìnrin sì ń yọ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tọwọ́tẹsẹ̀, tòun ti ìkòkò orí wọn. Ó wá ku obìnrin tó kẹ́yìn, arúgbó tó tẹ̀ díẹ̀, Ìyá Àgbà gan-an ló sì fẹ́ fi í ṣe. Ibẹ̀ ló dúró sí. Yóò mọ ojú rẹ̀ láàárọ̀, yóò fi àtàǹpàkò pa á rẹ́ nírọ̀lẹ́. Kí amọ̀ má baà gbẹ kó tó ṣe é tó bó ṣe fẹ́, ó ń fi aṣọ tútù bò ó. Ìsun dé, ìsun lọ; àwọn ìkòkò mìíràn tó mọ nígbà yẹn, kò pò wọ́n mọ́, ó kàn ń tò wọ́n sí ebu láìsun. Aṣọ tútù wà lórí àmù.

Ìyá Àgbà wá a lọ sí ebu. Ó jókòó tì í.

"Kí ló kù lára rẹ̀?"

"Ojú ẹnìkan ni, ìyá. Kò jọ ọ́ tó."

"Kí ló fọ́ ìkòkò rẹ ìjọsí nínú iná?"

"Omi inú rẹ̀ ni, ìyá."

"Kí lo wá fi ń bo eléyìí?"

Àwẹ̀ró wo aṣọ tútù náà. Ó ní, "Lọ́la, mo máa ká a kúrò." Ilẹ̀ ọ̀la mọ́, ó wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í kan ìlẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni, Àwẹ̀ró wà níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, atẹ́gùn gbé eruku dìde, ojú ọ̀run sì dúdú bí ìdí àpẹ. Ó sáré bọ̀. Kó tó délé, ìjì ti ṣí koríko orí ebu. Àwọn ìkòkò tó tò síbẹ̀, tí kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan iná, ti wó lulẹ̀. Wọ́n ti di ẹrẹ̀ pupa, ẹrẹ̀ náà sì ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà lọ sí ọ̀nà odò, bí ẹni tó ń padà sílé bàbá rẹ̀.

Láàárín ebu ló ti rí Ìyá Àgbà. Ìyá náà lóṣòó, ó di àmù mọ́ àyà, ó fi ìró òfì rẹ̀ wé e, òjò ń na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá, òtútù máa pa yín."

"Kò ní pa mí. Gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú."

Àwọn méjèèjì gbé e wọlé. Nígbà tí wọ́n tú ìró náà, gbogbo obìnrin wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ṣubú. Ṣùgbọ́n níbi tí Ìyá Àgbà ti di àmù mọ́ra, ìlà òfì ti tẹ obìnrin tó kẹ́yìn láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ́, ó kù fírífírí. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ti lọ síbi òkúta tó fi ń dán amọ̀. Ìyá Àgbà di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀. Èmi náà ti bá ọ mọ díẹ̀ níbẹ̀."

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró. "Ìyá, gbogbo ìyókù ti lọ. Gbogbo iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ rẹ kẹ̀? O rò pé tìrẹ ni wọ́n? Ìkòkò tí kò wọ iná, òjò ló ni ín. Ó wá kó ẹrù rẹ̀ ni. Ìwọ wulẹ̀ ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, oòrùn a máa padà wá díẹ̀ kí òjò gidi tó dé. Àkókò yẹn ni ìsun ìkẹyìn ọdún. Àwẹ̀ró gbé àmù sí oòrùn láìfi nǹkan kan bò ó. Bí àyà rẹ̀ bá já, yóò wá aṣọ tútù rẹ̀ lọ, kò sì ní rí i, nítorí Ìyá Àgbà ti sọ ọ́ di òṣùká.

Ọjọ́ ìsun pé. Àwẹ̀ró gbé àmù rẹ̀ kalẹ̀ láàárín ti àwọn yòókù. Ṣẹ́gilọlá fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé tèmi jìnnà. Mi ò bá Àrá sun ẹní kan."

Ẹ̀rín sọ. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ sún, ẹnìkejì sún, títí àmù àwọn obìnrin apọnmi fi ku òun nìkan bí ẹni tó ní ìgbóná. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé e kúrò. Ó ti mọ ohun tó máa sọ nílé: ó wọ́.

Ìyá Àgbà dé. Ọdẹ́wálé ru àmù kan tẹ̀ lé e, àmù tí ìyá náà mọ kẹ́yìn kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó tọ́jú rẹ̀ sí yàrá rẹ̀ pé òun á sun ún lọ́jọ́ kan. Ó ní kí wọ́n gbé e ti ti Àwẹ̀ró, ikùn kan ikùn.

"Ìyá, ẹ má ṣe é. Bí tèmi bá fọ́ ńkọ́?"

"Kó fọ́ tèmi. Àkọ́mọ tèmi fọ́ ti ìyá ọkọ mi yángá, oúnjẹ ló gbé fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà." Ó yí ojú sí ibi tí ohùn Ṣẹ́gilọlá ti wá. "Ta ló sì ní ti Ṣẹ́gilọlá kò fọ́ rí? Ta ni mo bá ṣa àfọ́kù?"

Ṣẹ́gilọlá gbójú sókè, ó ń wo ẹyẹ kan tí kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ṣáná. Iná mú, ó ń jó, òógùn bo gbogbo wọn. Nǹkan kan wá dún nínú rẹ̀, pọ́. Àwẹ̀ró ti di ọ̀pá gígùn mú, ó fẹ́ lọ wọ́ àmù jáde.

"Jókòó," Ìyá Àgbà ní. "Èyí tí iná kò fọ́, atẹ́gùn á fọ́ ọ bí o bá yọ ọ́ láìtójọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá."

"Mo mọ̀. Jókòó tòun ti ẹ̀rù."

Ó jókòó. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ọwọ́ náà gbẹ, ó sì le bí àpáàdì. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná fi di eérú.

Nígbà tí wọ́n tú eérú, àmù méjèèjì fara ti ara wọn, wọ́n pupa dẹ̀ẹ̀. Ìdérí ìkòkò kan ló là. Àwọn obìnrin ń wo ojú ara wọn kiri.

"Tèmi ni," Ṣẹ́gilọlá ní. "Kí ẹnikẹ́ni má wò mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi jókòó sílẹ̀. Ṣẹ́gilọlá fúnra rẹ̀ ló gbé omi èèpo igi irú tí wọ́n fi ń dán ìkòkò gbígbóná wá, ó bá ìyàwó ilé rẹ̀ wọ́n ọn. Ó wo àwọn obìnrin ara àmù pẹ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró." Kò pè é ní Àrá. "Bí o bá máa mọ òmíràn, ṣé o lè fi mí sí i?"

Wọ́n gbé àmù wọ yàrá Ìyá Àgbà, wọ́n pọn omi kún un. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, òógùn yọ níwájú orí obìnrin àkọ́kọ́, ó yọ lára èkejì, ó ń yí lọ. Ìyá Àgbà gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan amọ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí èyí tó kẹ́yìn.

"Ta ni ìyá yìí tó ró òfì?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Ojú rẹ̀ ò hàn."

"Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá náà fi ìka gba òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ kú ẹrù o," ó kí gbogbo wọn. "Ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ ti délé."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fi orí lé ìyá náà lẹ́sẹ̀. "Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi gbé tiyín wọ iná."

Ìyàwó tuntun kì í dá nìkan gbé àkọ́mọ rẹ̀ wọ iná mọ́ ní ìlú náà. Àgbà kan gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ tì í, ikùn kan ikùn. Bó fọ́, bí kò fọ́, ọmọ náà á kúnlẹ̀ dúpẹ́, nítorí ọpẹ́ náà ti tọ́ kí iná tó jó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí Ọlọ́run fi nǹkan sí lọ́wọ́, tó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, tó ń pa á rẹ́ lálaalẹ́, tó ní kò tíì tó fi han aráyé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé tiyín ti tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé: ìkòkò tí kò wọ iná, òjò ló ni ín.