Ọkùnrin Tó Bu Ẹnu Àtẹ́ Lu Ọjà Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Èkó, láyé ìgbà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ òkun bá fọn fèrè ní èbúté, àwọn tó wà nínú ilé á gbọ́. Maṣíìnì ìránṣọ ló ń kó wọlé láti òkè òkun. Ọjà gidi ni. Irin rẹ̀ dúdú, ó ń dán, wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya òdòdó sí i lára.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn wọn. Kì í gbé ọ̀kan lé oníbàárà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti rán àkísà díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ, tí owó rẹ̀ kò pé, á ní, "Máa gbé e lọ. Ìwọ àti ọmọ rẹ ni yóò lò ó." Àwọn aránṣọ ń ti Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta wá bá a. Nígbà náà, bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí àdúgbò téèyàn á gbà kọjá tí kò ní gbọ́ ìró maṣíìnì láti ojú fèrèsé. Ó dùn létí. Mo ṣì máa ń rántí rẹ̀.

Ìjọba wá fi kún owó ibodè. Ọkùnrin náà ìbá fi díẹ̀ lé iye tó ń tà, àwọn èèyàn ìbá kùn, wọn ìbá sì rà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ń dín iye ọjà wọn kù lórí ìwé, kí owó ibodè wọn lè kéré. Ó bẹ ẹni tó ń tà á fún un lókè òkun, ìyẹn sì kọ ìdajì iye tó rà á sínú ìwé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí i. Nígbà tó tún ṣe é, aṣọ́bodè kan ní kí wọ́n ṣí àpótí. Ó wo maṣíìnì, ó wo ìwé, ó ní, "Bàbá, eléyìí kò lè jẹ́ iye tí ẹ rà á." Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù náà.

Ọkùnrin náà gba kóòtù lọ. Lọ́yà rẹ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, pé kó sọ pé ọjà tó lábùkù ni, èyí tí àwọn tó ṣe é ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí nìyẹn tó fi rí i rà ní pọ́ọ́kú.

Ó ní, "Maṣíìnì tèmi?"

Lọ́yà ní, "Bí ẹ bá pè é ní ọjà gidi, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, àwọn aránṣọ pa iṣẹ́ tì, wọ́n wá dúró tì í. Ọkùnrin náà búra. Ó ní irin rẹ̀ kò lágbára. Ó ní kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́. Àwọn aṣọ́bodè kò rí ẹ̀rí mìíràn mú wá, adájọ́ sì dá a láre, ó ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ fún un.

Ó jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sí ẹni tó kí i kú oríire. Obìnrin aránṣọ kan láti Ìjẹ̀bú, tó ti fi maṣíìnì rẹ̀ tọ́ ọmọ, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé maṣíìnì lọ, àti ohun tí ẹ sọ fún adájọ́ lónìí, èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè dúró nítòsí. Bó bá sọ òótọ́ fún obìnrin yìí, ó ti di ẹlẹ́jọ́ padà. Ó ní, "Máa lọ sílé ná." Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, ó lọ.

Ẹrù náà dé ṣọ́ọ̀bù, kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá yà wọlé á fọwọ́ kàn án, á rántí kóòtù, á jáde. Nígbà tó pẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ fún oníṣòwò kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ní iye tó búra lé gan-an, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ̀ ọ́n nígbà ogbó rẹ̀. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó máa ń pìtàn èbúté fún wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọjà tó tà, á yí i sí nǹkan mìíràn. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé maṣíìnì yẹn dára lóòótọ́?" Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Èmi nìkan ni mi ò lè sọ ọ́ síta mọ́."

Akínfẹ́nwá, mọ́tò tí o rà láti tà wà lórí omi. O wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n gbàdúrà sí i kó gúnlẹ̀ láyọ̀, o sì sọ ọ́ bí ohun tí kò tó nǹkan pé aṣojú rẹ ní kí o kọ ọ́ pé mọ́tò tó ti ní jàǹbá ni, kí owó ibodè lè fúyẹ́. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé mọ́tò gidi ni. Àwọn tó ń ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ, torí pé o ní ó dára ni wọ́n ṣe ń kó ìyàwó àtọmọ sínú rẹ̀. Lọ kọ iye tí o rà á. Bí owó kò bá tó, padà wá, a ó jọ wá a. Àdúrà yẹn, màá gbà á nígbà tí o bá ti kọ ọ́ tán.